Ìwé Tí Ọ̀gá Mi Kọ̀ Láti Fọwọ́ Sí

Òórùn aró ló máa ń kọ́kọ́ pàdé mi lórí àtẹ̀gùn ọ́fíìsì wẹ́fíà tí mo ti kọ́ṣẹ́. Ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan ni, lẹ́yìn ọjà Ìtókù ní Abẹ́òkúta. Àwọn aláró ló gba gbogbo ìsàlẹ̀ rẹ̀, àwa sì wà lókè pẹ̀lú àwọn fáìlì wa àti fáànù kan tó ń ké bí ẹni tí inú ń run. Láàárọ̀, kí oòrùn tó mú, wọn á ti sá àdìrẹ tútù sórí okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, a ó sì máa fi ọwọ́ ká aṣọ kúrò lọ́nà bí ẹni ń ṣí kọ́tìnì kí a tó dé ẹnu ọ̀nà wa. Lọ́jọ́ tí mo bá gbàgbé, tí mo wọ bùláòsì funfun, mo máa ń gbé àmì aró relé ní èjìká. Ọkọ mi á wò mí, á ní, "Ṣé iṣẹ́ wẹ́fíà lo ń kọ́ ni, àbí iṣẹ́ aró?"

Mo ti lé ní ogójì ọdún nígbà náà. Ṣáájú ìgbà yẹn, ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti fi ṣe akọ̀wé ní ẹ̀ka wẹ́fíà ní ìjọba ìbílẹ̀. Èmi ni mo ń kọ orúkọ àwọn opó sílẹ̀, èmi ni mo ń tẹ̀ lé àwọn ọ̀gá lọ wo ilé tí wọ́n ti ń ja ìjà ọmọ. Nígbà tó yá, tí àwọn ọ̀gá kò tó nǹkan mọ́, èmi nìkan ni wọ́n ń rán. Mo rò pé mo ti mọ iṣẹ́ náà tán. Lọ́jọ́ kan, tọkọtaya kan tó ti kọ ara wọn sílẹ̀ ń fa ọmọbìnrin wọn mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ní kóòtù, wọ́n sì ní kí n wá sọ ohun tí mo rí nílé bàbá àti nílé ìyá. Mo ti kọ ojú ewé mẹ́rin. Lọ́yà bàbá dìde, ó bi mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Mà, ìwé ẹ̀rí wo lẹ ní nínú iṣẹ́ yìí?" Mo ní mo ti ń ṣe é láti ọdún mẹ́sàn-án. Ó ní, "Ìyẹn kọ́ ni mo bi yín." Adájọ́ wò mí bí ẹni tí àánú mi ń ṣe, ó pa ìwé náà dé, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Gbogbo ohun tí mo fi ojú ara mi rí di ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè lò. Wọ́n sún ẹjọ́ náà síwájú títí di ìgbà tí wọ́n máa rí òṣìṣẹ́ tó tọ́, ọmọ náà sì padà sí ilé tí mo mọ̀ pé kò yẹ kó wà.

Ìwọ náà mọ bí ìtìjú ṣe máa ń ṣe ènìyàn. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni oúnjẹ kò fi wọ̀ mí lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ni mo gbéra, mo lọ béèrè ohun tí ènìyàn gbọ́dọ̀ ní kó tó lè dúró níwájú adájọ́ kí wọ́n sì gba ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni tó wà ní ọ́fíìsì ìgbaniwọlé ní yunifásítì kà á sí mi létí láìgbójú sókè. Kírẹ́díìtì márùn-ún nínú ìdánwò oníwèé mẹ́wàá, Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Ọdún mẹ́rin fún dìgírì. Oṣù mélòó kan nínú rẹ̀ fún iṣẹ́ pápá, lábẹ́ ọ̀gá tí òun fúnra rẹ̀ ti gba ìwé àṣẹ, pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ tí ọ̀gá náà máa fọwọ́ sí. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, kí ènìyàn lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí iṣẹ́ náà, kó búra, kí wọ́n tó fún un ní ìwé àṣẹ. Ìṣirò ni n kò ní. Mo ti gbé e sílẹ̀ láti ìgbà tí mo wà lọ́mọge, mo rò pé a ti dágbére fún ara wa títí láé.

Bí mo ṣe lọ jókòó ìdánwò pẹ̀lú àwọn ọmọ tí mo lè bí nìyẹn. Àwọn ìbejì mi tó wà ní girama ló ń kọ́ mi lórí tábìlì ìjẹun, wọn kì í sì í fojú fo àṣìṣe mi. Lọ́jọ́ ìdánwò, bí mo ṣe wọlé báyìí, gbogbo kíláàsì dìde, wọ́n ní, "Ẹ káàárọ̀, mà." Wọ́n rò pé èmi ni mo máa ṣọ́ wọn. Mo rìn gba àárín wọn kọjá, mo lọ jókòó sẹ́yìn. Ọmọbìnrin tó wà nítòsí mi wo ojú mi, kò rẹ́rìn-ín, ó kàn rọra ti rọ́bà ìpàwérẹ́ rẹ̀ sọ́dọ̀ mi pé kí n máa lò ó. Mo gba kírẹ́díìtì. Títí di òní, bí mo bá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó gbé mi dé ibi tí mo dé, ọmọ tí n kò mọ orúkọ rẹ̀ yẹn wà lára wọn.

Ọdún mẹ́ta kọjá pẹ̀lú kíláàsì ìparí ọ̀sẹ̀. Nígbà tó kan iṣẹ́ pápá, wọ́n fi mí sí ọ́fíìsì lókè àwọn aláró yẹn, lábẹ́ obìnrin kan tí ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò jìnnà mọ́. Ìdílé àwọn ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ló ti jáde, olùkọ́ ni bàbá rẹ̀, olùkọ́ ni ìyá rẹ̀, ó sì rí bẹ́ẹ̀. Ó ga, ó tín-ín-rín, ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ bá mi sọ ni pé, "Ìyá Ìbejì, ohun tí o bá rí ni kí o kọ. Ohun tí o bá rò, kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀, kí o sì pè é ní èrò." Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mo máa ń gbé ìwé àkọsílẹ̀ mi lọ síwájú rẹ̀, á kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, á fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì, á sì kọ iye wákàtí tí mo ti ṣe. Ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan ló máa ń fọwọ́ sí gbogbo rẹ̀.

Lára àwọn tó fi lé mi lọ́wọ́ ni ìyá àgbà kan ní abúlé kan lọ́nà Owódé. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún un wà lókè òkun, kì í sì í pè déédéé. Ìrẹsì Ọ̀fàdà ni ìyá náà fi gbogbo ayé rẹ̀ bọ̀, tó sá, tó gún, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le bí awọ bàtà. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ojú rẹ̀ kò sì ríran dáadáa mọ́. Iṣẹ́ mi kò ju pé kí n lọ síbẹ̀ ní gbogbo Ọjọ́rú, kí n rí i pé ó ń jẹun, pé ó ń lo oògùn rẹ̀, kí n sì bá a sọ̀rọ̀. Ó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ sísọ. Bí mo bá ti ń bọ̀ lẹ́yìn ọ̀kadà ló ti máa ń mọ̀ pé èmi ni, á ti gbé àpótí ìjókòó kejì síta kí n tó sọ̀ kalẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mi ò ní sọ pé n kò fẹ́ràn rẹ̀. Ìdí nìyí tí ohun tí mo ṣe kò fi rọrùn fún mi láti sọ.

Ní oṣù tó kẹ́yìn iṣẹ́ pápá mi, òjò rọ̀ ní Ọjọ́rú kan bí ẹni pé kò ní dá mọ́. Mo ní ìdánwò ní Ọjọ́bọ̀. Mo wọ bọ́ọ̀sì láti Kútọ̀ dé Owódé, àwọn ọlọ́kadà sì sọ pé omi ti gba ojú ọ̀nà abúlé náà. Mo jókòó sábẹ́ ìbòrí obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì, mo ń ka ìwé mi. Nígbà tí òjò rọlẹ̀ díẹ̀, ọlọ́kadà kan wá bá mi, ó ní òun mọ ọ̀nà ẹ̀yìn, ó jìn díẹ̀ ni, àmọ́ a máa dé ibẹ̀. Mo wo ìwé ọwọ́ mi, mo wo ojú ọ̀run. Mo ní kó má ṣèyọnu. Mo wọ bọ́ọ̀sì tó ń padà sí Abẹ́òkúta, mo sì ń sọ fún ara mi pé ìyá náà á ti wà nínú ilé rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kò jìnnà.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀ mi. Bí mo bá kọ ọ́ pé n kò dé ibẹ̀, wákàtí mi á dín, oṣù náà sì ni wákàtí mi gbọ́dọ̀ pé. Mo kọ ọ́ pé: "Mo bá màmá ní àlàáfíà. Wọ́n ń bó ẹ̀gúsí nígbà tí mo dé. Wọ́n ti lo oògùn wọn." Ẹ̀gúsí yẹn ló ń dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ títí di ìsinsìnyí. Kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Mo fi kún un kí irọ́ náà lè jọ òótọ́ ni. Ọ̀gá kà á, bírò pupa rẹ̀ kò kan ibẹ̀ rárá, ó sì kọ wákàtí mi sílẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, ọ̀gá kò sí ní ọ́fíìsì láàárọ̀. Ìgbà tí oòrùn ti ń yẹ̀ ló dé, amọ̀ pupa sì wà lára bàtà rẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀. Ó pè mí wọlé, ó ní kí n ti ilẹ̀kùn. Kò jókòó. Ó ní òun lọ wo díẹ̀ nínú àwọn ilé tí mo ń lọ, nítorí kò sí ọ̀gá tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé ìparí láìjẹ́ pé ó fi ojú ara rẹ̀ wo ilé. Ó ní ìyá àgbà wà ní ọsibítù ìjọba báyìí, òun lòun gbé e lọ. Ó ti yọ̀ ṣubú lẹ́yìnkùlé rẹ̀ ní Ọjọ́rú, lọ́sàn-án, nínú òjò yẹn. Ó wọ́ ara rẹ̀ dé orí ẹní, kò sì lè dìde mọ́. Aládùúgbò rẹ̀ ló ń gbé omi àti ẹ̀kọ fún un, kò mọ ẹni tí òun lè pè.

Ọ̀gá ṣí ìwé àkọsílẹ̀ mi sórí tábìlì, ó fi ìka sí ojú ìlà náà.

"Ẹ̀gúsí wo nìyí?" ló bi mí.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, n kò dé ibẹ̀."

"Mo mọ̀. Aládùúgbò ti sọ fún mi kí n tó bi ìyá náà." Ó pa ìwé náà dé. "Ṣé o mọ ohun tí ìyá náà sọ? Mo bi wọ́n pé, ṣé Ìyá Ìbejì wá ní Ọjọ́rú? Wọ́n ní o wá. Wọ́n ní o ra búrẹ́dì wá fún wọn. Ẹsẹ̀ wọn wú bí ìrọ̀rí, wọn ò lè yí ara padà, wọ́n sì ń purọ́ nítorí rẹ."

Mo ti sunkún púpọ̀ láyé mi, àmọ́ ẹkún ọjọ́ yẹn yàtọ̀. Ọ̀gá fún mi ní omi, ó dúró títí mo fi mu ún tán. Lẹ́yìn náà ló sọ ìdájọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ohùn kan náà tó fi máa ń kí wa láàárọ̀. Ó ní òun kò ní kọ lẹ́tà sí ilé ìwé pé kí wọ́n lé mi. Ṣùgbọ́n òun kò ní fọwọ́ sí ìwé náà. Gbogbo iṣẹ́ pápá ni mo máa tún ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, bí mo bá ṣì fẹ́ iṣẹ́ náà. "Tí wọ́n bá fún ọ ní ìwé àṣẹ," ó ní, "ohun tó túmọ̀ sí ni pé bí o bá sọ pé o dé ilé kan, kóòtù á gbà pé o dé ibẹ̀. Wọ́n á gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ rẹ. N kò lè ti ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́yìn lónìí."

Ìyẹn túmọ̀ sí pé àwọn ẹgbẹ́ mi máa búra lọ́dún náà, èmi á sì máa wò wọ́n. Ọkọ mi gbọ́, inú bí i, kì í ṣe sí èmi bí kò ṣe sí ọ̀gá. Ó ní obìnrin náà le jù. Ó rán ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti àgbàlagbà kan nínú ìjọ wa lọ bẹ̀ ẹ́, bí a ṣe máa ń ṣe. Ọ̀gá gbà wọ́n tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó gbé omi àti bísíkíìtì síwájú wọn, ó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ wọn dé òpin. Ó wá ní, "Ẹ ṣé tí ẹ wá. Mo ti dárí jì í láti ọjọ́ náà. Ìdáríjì wà lọ́wọ́ mi. Wákàtí tí kò ṣe ni kò sí lọ́wọ́ mi." Wọ́n padà wá jíṣẹ́ fún wa, àgbàlagbà yẹn sì sọ fún ọkọ mi kó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tán síbẹ̀.

Ọjọ́ kejì ẹkún yẹn ni mo ti lọ sí ọsibítù. Wọ́n ti di ẹsẹ̀ ìyá náà, ó jókòó gbé ẹ̀yìn ti ìrọ̀rí, ojú rẹ̀ kọ sí ẹnu ọ̀nà. Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi, ó ní, "Káàbọ̀, àlejò mi." Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, mo bẹ̀ ẹ́. Mo wá bi í pé kí ló dé tó fi sọ fún ọ̀gá mi pé mo wá. Ó ń fi ọwọ́ líle rẹ̀ tẹ́ aṣọ ìbora.

"Ẹ̀rù ló bà mí," ó ní. "Mo rò ó pé tí wọ́n bá lé ẹ, ta ni yóò máa wá?"

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn olùkọ́ mi fún ọdún mẹ́ta lórí ẹni tí kò ní olùrànlọ́wọ́, mo ti kọ ọ́ sínú ìwé, mo ti gba máàkì dáadáa lórí rẹ̀. N kò mọ ohun tó jẹ́ àfi ọjọ́ yẹn. Ìyá náà kò dáàbò bò mí nítorí pé mo jẹ́ ènìyàn rere. Ó dáàbò bo ìró ọ̀kadà kan ṣoṣo tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀. Mo ti kà á sí wákàtí tó gbọ́dọ̀ pé. Òun kà á sí ènìyàn.

Mo tún iṣẹ́ pápá ṣe. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé kò dùn. Mo wà lára àwọn tó lọ pàtẹ́wọ́ nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń búra, mo wọ aṣọ tó dára, mo ya fọ́tò pẹ̀lú wọn, mo sì lọ jókòó sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá fúngbà díẹ̀ kí n tó lè sọ ibi tí mo ń lọ fún awakọ̀. Ọ̀gá mi kò fi ojú ẹlẹ́ṣẹ̀ wò mí rí láàárín gbogbo oṣù náà. Ó ń kọ́ mi bí ẹni pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń bi ọmọdé ní ìbéèrè láìfi ìdáhùn sí i lẹ́nu. Ó kọ́ mi pé kí n máa kọ àkókò tí mo dé àti àkókò tí mo kúrò, àti pé bí n kò bá dé ibì kan, kí n kọ ọ́ pé n kò dé ibẹ̀, kí n kọ ìdí rẹ̀, kí n sì pe ẹnì kan lórí fóònù tó lè bá mi yọjú síbẹ̀. Mo gba nọ́ńbà aládùúgbò ìyá àgbà. Ohun kékeré tó yẹ kí n ti ṣe láti ọjọ́ kìíní nìyẹn. Ìyá náà padà sílé pẹ̀lú ọ̀pá ìtìlẹ̀, ó sì lo ọdún mẹ́rin sí i láyé. Wọn ò rán mi síbẹ̀ mọ́ lẹ́yìn oṣù mélòó kan, àmọ́ mo ń lọ.

Lọ́dún kejì ni ọ̀gá fọwọ́ sí ìwé mi, mo lọ búra, mo gba ìwé àṣẹ. Láti ìgbà náà, mo ti dúró níwájú adájọ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Àwọn lọ́yà ṣì máa ń bi mí pé ìwé ẹ̀rí wo ni mo ní. Mo máa ń dá wọn lóhùn. Lẹ́yìn náà wọ́n á bi mí bóyá mo dé ilé náà fúnra mi, ọjọ́ wo, aago mélòó, ta ni mo bá níbẹ̀. Ìbéèrè kejì yìí ni mo máa ń dáhùn pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀ tí n kò lè ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni nínú kóòtù náà.

Ọ̀gá ti fẹ̀yìn tì báyìí, ó ń gbé ní Òkè-Ìléwó pẹ̀lú àbúrò rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá ni mo pinnu pé n kò ní dúró di ọjọ́ ìsìnkú ẹnikẹ́ni kí n tó sọ ohun tó wà lọ́kàn mi. Mo lọ kí i. A sọ̀rọ̀ nípa àwọn ìbejì mi tó ti jáde ní yunifásítì, a sọ̀rọ̀ nípa orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún. Mo wá kúnlẹ̀, mo ní mo wá dúpẹ́ nítorí ìwé tó kọ̀ láti fọwọ́ sí fún mi, ọ̀rọ̀ ìyá tó ṣubú ní abúlé lọ́nà Owódé.

Ó wò mí pẹ́, ó ń ronú. Mo rí i pé ó ń wá a kiri nínú orí rẹ̀, kò sì rí i.

"Ìyá Ìbejì," ó ní, "má bínú. Mo ti gbàgbé."

Ó dùn mí díẹ̀ nígbà tó kọ́kọ́ sọ ọ́, n kò ní parọ́. Àmọ́ bí mo ṣe ń rìn sọ̀ kalẹ̀ lọ wá ọkọ̀, inú mi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn, ó sì ń dùn sí i. Ọjọ́ tó yí ayé mi padà kò yàtọ̀ sí ọjọ́ iṣẹ́ yòókù lójú rẹ̀. Ó ti wọ inú ẹrẹ̀ lọ wo arúgbó kan, ó gbé e lọ sí ọsibítù, ó padà wá sọ òótọ́ fún ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó relé lọ jẹun. Àìmọye irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ló ti ní tí kò fi lè rántí èyí tó jẹ́ tèmi. Mo ti ń ṣe iṣẹ́ náà bọ̀ láti ọjọ́ tí mo lọ kí i pẹ̀lú ìrètí pé, nígbà tí mo bá dàgbà tó bẹ́ẹ̀, ẹnì kan á wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún ohun kan, èmi náà kò sì ní rántí.